Omi Àlejò ní Ìlú Fúyẹ́

Ní Ìlú Fúyẹ́, ilé kì í jí síbi tí ó sùn sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, olúkúlùkù á dẹ okùn ilé rẹ̀ díẹ̀ kí omi ọ̀sà má baà fà á já. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹni tí í ṣe aládùúgbò ẹni lánàá á ti léfòó lọ di aládùúgbò ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ìwádìí tí ó gbé Ọ̀mọ̀wé Fadérera Ọdẹ́bùnmi fi ń béèrè ọ̀nà kiri nínú kùrukùru ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ mìíràn, ó béèrè lọ́wọ́ òpó kan tí kò dá a lóhùn, kí ó tó wá kan obìnrin kan tí ó ń run pákò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ibo ni ilé Ìyá Ẹfúnwùmí wà lónìí?" ni ọkọ̀ náà bi í, pẹ̀lú ohùn ọmọlúàbí tí wọ́n fi sínú gbogbo ọkọ̀ ìwádìí.

Obìnrin náà tu itọ́ pákò sínú omi. "Lánàá, ẹ̀yìnkùlé mi ló wà. Lónìí, ta ló mọ̀? Ẹ ṣáà máa wo ilé tí ó so àdìrẹ mọ́ òrùlé." Ó yọjú wo Fadérera nínú ọkọ̀. "Ẹ̀yin ará ìwádìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn mi."

"Ilẹ̀kùn wo, Mà?"

"Ilẹ̀kùn mi tó já bọ́ sómi. Ó di ọdún kẹta. Mo ní kí n kan òmíràn, wọ́n ní ìwádìí lórí àtúnṣe ilẹ̀kùn kò tíì parí. Wọ́n ní ó ku orílẹ̀-èdè kan tí kò tíì fọwọ́ sí i."

"A ó bá yín béèrè, Mà."

"A dúpẹ́," ni obìnrin náà wí, ó sì fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ohun gbogbo ní Odò Méjì láti ìgbà tí Ogun Ìdènà ti parí. Odò Méjì fúnra rẹ̀ ni èkíní. Ilẹ̀ Yìnyín ni èkejì, tí ó ṣì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ogójì ọdún tí yìnyín ti tán níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú kan aṣojú rẹ̀ rí. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ nìkan ni ó máa ń dé, lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, bí òjò tí ó ṣìnà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tọ́fáàdì, ọmọ Ilẹ̀ Yìnyín, ni ó jókòó síwájú ọkọ̀, ó ń tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí òun àti Fadérera ti jọ ń ṣe ìwádìí àlàáfíà. Ó ti kọ ìwé mẹ́sàn-án lórí Odò Méjì. Nínú gbogbo wọn, ojú ewé kìíní, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dúró létí omi ní ìdájí, tí ó ń ronú. Kò gbọ́ Yorùbá. Ahọ́n-àyá ló ń bá a sọ ọ́: ohun kékeré kan bí ìlẹ̀kẹ̀ fàdákà tí ó lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, tí ń sọ èdè tirẹ̀ di ti ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, tí ó sì ń túmọ̀ ti ẹni náà fún un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń lo ìpele ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Òun yan ìpele àgbà, èyí tí í fi òwe kan ṣíwájú gbogbo gbólóhùn, ìbáà bá ọ̀rọ̀ mu, ìbáà má bá a mu.

Ọ̀jọ̀gbọ́n la ẹnu. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè," ni ahọ́n-àyá wí. "Ǹjẹ́ fìlà mi tẹ̀ dáadáa?"

"Ó tẹ̀ dáadáa, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ *Baba Kò-mu* sí iwájú fìlà náà. Bí àwọn ará Ìlú Fúyẹ́ ṣe ń pè é nìyẹn láti ọdún kìíní. Ó gbà pé oyè ni wọ́n fi òun jẹ. Fadérera kò sì tíì rí ọjọ́ tí ó dára tó láti là á lóye.

"Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́," ni ahọ́n-àyá tún wí. "Bí oòrùn bá ti kàn wá lórí, èdìdì yóò lu Ìwé Àbọ̀ Ńlá. Orúkọ yín ni yóò ṣíwájú. Tèmi yóò tẹ̀lé e. Èmi ni mo dá a lábàá."

"Ẹ ṣeun, Ọ̀jọ̀gbọ́n." Ó ti dúpẹ́ nígbà mẹ́rin láàárọ̀ yìí. Ó sì dùn mọ́ ọn láti dúpẹ́ lẹ́ẹ̀karùn-ún, ká má parọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni Fadérera ti fi jẹ́ "àti àwọn mìíràn." Nínú ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, orúkọ Tọ́fáàdì ló máa ń wà níbẹ̀ gàdàgbà, lẹ́yìn náà ni "àti àwọn mìíràn" á tẹ̀lé e, kékeré, bí ọmọ tí ó dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìgbà kan tí ó gbé ọ̀kan lọ han ìyá rẹ̀ ní Òkè-Odò, màmá wo ẹ̀yìn ìwé náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn. "Níbo ni ìwọ wà níbẹ̀?" Fadérera fi ìka kan "àti àwọn mìíràn." Màmá rọra fọwọ́ pa á. "Ẹ pọ̀ níbẹ̀ o," ni ó wí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni màmá kan náà ra awò ojú tuntun, nítorí ó ti gbọ́ pé orúkọ ń bọ̀.

Ẹ̀rí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni Ìwé Àbọ̀ Ńlá dúró lé. Fadérera ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbà wọ́n, láti ilé dé ilé, nítorí pé òun ló gbọ́ èdè. Ẹyọ kan ló kù. Ìdáhùn tí àwọn èèyàn ń fún un kò yí padà láti ọdún kìíní: nínú èèyàn ọgọ́rùn-ún, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ní ìtẹ́lọ́rùn ní Ìlú Fúyẹ́. Bí wọ́n bá ti ní ìtẹ́lọ́rùn lórí omi, kí ni wọ́n tún ń padà lọ ṣe lórí ilẹ̀? Nítorí náà ni ìwé náà ṣe dábàá pé kí wọ́n ti Abẹ́-Ìyeyè pa fún àádọ́ta ọdún. Abẹ́-Ìyeyè ni ìlú tí wọ́n ti sá wá nígbà ogun. Wọn yóò sọ ọ́ di Ọgbà Ìwádìí Àlàáfíà, pẹ̀lú ilé àlejò fún àwọn olùwádìí. Fadérera ti rí àwòrán rẹ̀. Gbọ̀ngàn kan wà ní igun rẹ̀, kò tóbi, tí yóò máa jẹ́ Gbọ̀ngàn Fadérera Ọdẹ́bùnmi. Ó ti lá àlá gbọ̀ngàn náà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àlá kejì, ó ní fèrèsé tí ó pọ̀ ju ti àwòrán lọ.

Kùrukùru là díẹ̀. Àdìrẹ kan ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí òrùlé, àwọ̀ rẹ̀ bí ojú ọ̀run tí wọ́n fọ̀ tí kò mọ́. Ọkọ̀ náà fi ara ti ilé náà jẹ́jẹ́, ó ní, "Àgò o."

"Àgò yà," ni ohùn kan dáhùn nínú ilé.

Ìyá Ẹfúnwùmí jáde wá. Arúgbó ni, tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó sì ń rìn lórí pákó tí ó ń mì bí ẹni pé ilẹ̀ líle ni. Fadérera kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ẹ dìde. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ṣé ọ̀nà ò jìn jù?" Ó yí sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Baba Kò-mu, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ tún wá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ kan fìlà rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn. "Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," ni ahọ́n-àyá wí. "Inú mi dùn láti rí yín."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Ìyá Ẹfúnwùmí wí. Ó ti mọ́ ọn lára.

Wọ́n wọlé. Ẹyẹ ìwádìí, tí gbogbo ìlú ń pè ní Lékèélékèé nítorí funfun rẹ̀ àti ọrùn gígùn rẹ̀, fò láti inú ọkọ̀, ó bà sórí fèrèsé, ó na ọrùn láti gbọ́. Òun ló ń kọ ohun tí ẹnu bá sọ àti ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, tí í sì fi òǹkà sí i. Àwọn ọmọ ìlú máa ń na èékánná sí i, wọ́n ń retí kí ó bá wọn kùn ún ní funfun. Ẹyẹ náà máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọdé ń ṣeré.

Ìyá Ẹfúnwùmí na ọwọ́ sókè. Àwọ̀n tín-ínrín ni wọ́n ta sábẹ́ òrùlé gbogbo ilé Ìlú Fúyẹ́ láti fi gba ìrì, nítorí omi ọ̀sà kò ṣe é mu. Abọ́ kan ni ìrì máa ń kún fún ilé kan láàárín alẹ́ sí àárọ̀, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé abọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e síwájú Fadérera.

"Ẹ mu omi."

Ẹ̀gbà ọwọ́ Fadérera, tí ó ti ń tàn bí ewé tútù, yí padà di àwọ̀ ọsàn, ó sì fọhùn: "Abala Kẹrin. Olùwádìí tí ó bá gba jíjẹ tàbí mímu lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ẹ̀rí tí ó ti gbà rí, àti gbogbo èyí tí ì bá gbà, di òfo."

Kò nílò kí ẹ̀gbà rán an létí. Òun ló kọ Abala Kẹrin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni nígbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú àjọṣe ìwádìí àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà sì ni. Wọ́n ní ìjọba tí ó lọ bàjẹ́ nítorí pé àwọn aláṣẹ ń gba ẹ̀bùn; ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin tí ẹ̀bùn kò ní lè rí ihò wọ̀. Àwọn ará Ilẹ̀ Yìnyín dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ṣì máa ń gbọ́ àtẹ́wọ́ náà nígbà mìíràn, pàápàá nínú àlá gbọ̀ngàn.

"A rí i, Mà. A kò gbà á. A dúpẹ́." Bí òfin ṣe ní kí olùwádìí wí nìyẹn.

Ìyá Ẹfúnwùmí mi orí bí ẹni tí ó gbọ́ àmín, ó sì sún abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Báwo ni ilé, Mà?"

"A dúpẹ́."

"Omi mímu ńkọ́?"

"Ó ń kán. A dúpẹ́."

"Oorun ńkọ́?"

"À ń sùn, à ń jí."

"Ara ńkọ́?"

"Ara le. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ti rù díẹ̀ sí ti èṣí."

"Ara le, Mà. Ṣé inú yín dùn sí ibùgbé yìí?"

"Inú wa dùn pé ẹ wá."

"Ìtẹ́lọ́rùn," ni Lékèélékèé wí lójú fèrèsé, "márùn-ún nínú márùn-ún."

Ó parí. Wàláà èdìdì yọ jáde láti abẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ náà, funfun, ó mọ́, àyè àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Lókè kùrukùru, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín ọ̀run, ó rí bí ẹyin tí wọ́n ti bó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tọ́fáàdì nu ojú rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀. Ó máa ń sunkún níparí gbogbo ìwé.

"Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ," ni ahọ́n-àyá wí. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, Ọ̀mọ̀wé."

Fadérera gbé àtàǹpàkò sókè. Kò sì mọ ohun tí ó ṣe é, bóyá nítorí pé òwe náà kò kan ohun tí wọ́n ń ṣe rárá ni: ó wo ilé.

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wọ ilé yìí, àmọ́ ìbéèrè ló máa ń wò. Ẹní wà létí ògiri, ó ká, okùn sì wà lára rẹ̀ níbi mẹ́ta. Àwọn ìkòkò wà nínú àwọ̀n ẹrù, àkísà wà láàárín wọn kí wọ́n má baà fọ́. Wọ́n ti so odó mọ́ ọmọ odó. Aago ògiri kan wà nínú aṣọ, aṣọ náà sì wà ní dídì. Abọ́ omi náà, ife kan, ṣíbí kan àti ìtìsẹ̀ kan nìkan ni kò sí nínú ẹrù.

"Lékèélékèé," ni ó wí, "kí lo kọ nípa ẹrù ilé yìí?"

"Ìmọ́tótó: márùn-ún nínú márùn-ún. Ẹrù wà létòlétò."

"Ilé mélòó ló wà létòlétò báyìí?"

"Nínú ilé ọgọ́rùn-ún, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Àwọn ará Ìlú Fúyẹ́ mọ́ tónítóní."

Fadérera sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Mà, ṣé ẹ ń rin ìrìn àjò ni?"

"Èmi? Níbo ni mo ń lọ? A wà níbí, a dúpẹ́."

"Ẹrù yín wà ní dídì."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Ìgbà wo lẹ dì í, Mà?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tí kò dé ojú. "N kò tú u láti ìgbà tí a ti dé."

Ilé náà mì díẹ̀, bí ẹni tí ó yí padà lójú oorun. Níta, ilé mìíràn ń léfòó kọjá nínú kùrukùru. Fadérera rí inú rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Àpò, àpótí, ẹní kíká. Òmíràn tẹ̀lé e. Àpótí, ẹní kíká, kẹ̀kẹ́ ìránṣọ tí wọ́n fi okùn dì lábẹ́ dì lókè. Gbogbo ìlú ń kọjá lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹrù wọn lẹ́sẹ̀, bí àwọn èrò tí ń dúró de ọkọ̀ kan tí kò dé.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

"Sọ fún ta ni?"

"Fún èmi, Mà. Ọdọọdún ni mò ń wá béèrè."

Ìyá Ẹfúnwùmí wò ó lójú. "Ọmọ ibo lẹ̀yin?"

"Ọmọ Òkè-Odò ni mí."

"Mo mọ̀. Ohùn yín ti sọ ọ́ fún mi láti ọdún kìíní." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Àwọn ará Òkè-Odò ló gbé ìdènà sódò, àwọn ló sì lé Abẹ́-Ìyeyè jáde nígbà tí ogun dé. Ẹni tí ó wà nínú ilé yẹn mọ̀, a kì í tún un sọ. "Ní Òkè-Odò lọ́hùn-ún, bí àlejò bá wọ ilé ìyá yín, tí wọ́n bu omi fún un, tí kò mu, ṣé ìyá yín á wá jókòó máa ka ẹ̀dùn ilé sí i létí?"

"Rárá, Mà."

"Kí ni wọ́n á máa wí fún un?"

Ohùn Fadérera kéré. "Wọ́n á ní... a dúpẹ́."

"Ẹ ẹ̀ wá rí i." Arúgbó náà fẹsẹ̀ rọra sún abọ́ omi náà, kò sún un jìnnà. "Àlejò tí kò mu omi ilé ẹni, ìkíni la fi ń sìn ín sọ́nà. Pàápàá ẹni tí a ti bá jagun rí. Bí kò bá mu omi wa, a ò mọ̀ bóyá ogun ti parí."

"Òfin ni, Mà. Kí á má baà gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ yín."

"Wọ́n ṣeun. Ta ló ṣe òfin náà?"

Fadérera wo abọ́ náà. "Bí a bá ti lọ, ṣé ẹ máa ń padà mu ún?"

"Omi tí a ti bù fún àlejò? Ilé kì í mu ún. Inú ọ̀sà la máa ń dà á sí."

"Gbogbo ilé?"

"Gbogbo ilé tí ẹ bá wọ̀."

"Kí lẹ wá máa ń mu lọ́jọ́ náà?"

"Ti ọ̀la," ni Ìyá Ẹfúnwùmí wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tọ́fáàdì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ahọ́n-àyá. Kì í ṣe ẹni burúkú. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ó tilẹ̀ ti ń wá ibi tí yóò fi sí. Ó fà sún mọ́ Fadérera. "A kì í ti ojú ogun wẹ́fọ́n," ni ahọ́n-àyá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ohun ìyanu ni èyí. A ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ewé, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Bí èdìdì bá ti lù ú tán, a ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tuntun lórí omi àti àlejò. Ọdún márùn-ún péré. Orúkọ yín lè ṣíwájú níbẹ̀ náà."

"Bí èdìdì bá ti lù ú, ilẹ̀ wọn ti lọ fún àádọ́ta ọdún, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni Màmá."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, wọn yóò fi ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà wà nílẹ̀. Ẹ̀rí yín ni. Ta ló lè fọ́ ẹ̀rí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà?"

Òótọ́ ló sọ. Bí ó bá kọ̀, wọn yóò rí àtàǹpàkò mìíràn ṣáájú ọ̀sán. Àtàǹpàkò kò wọ́n ní olú-ìlú. Bí ó bá pariwo pé irọ́ ni ẹ̀rí náà, wọn yóò ní kí ó lọ ṣe ìwádìí. Ní orílẹ̀-èdè tí èèyàn kò lè kan ilẹ̀kùn láìsí ìwádìí, kò sí ohun tí ó lágbára tó ẹ̀rí láti bi ẹ̀rí wó.

Àfi Abala Kẹrin.

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Nǹkan tí ó mọ́ jù lọ tí ó kọ láyé rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ihò kankan lára rẹ̀. *Gbogbo ẹ̀rí tí ó ti gbà rí.* Ó rántí pé òun fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ronú lórí "gbogbo." Ó rántí fèrèsé gbọ̀ngàn náà, èyí tí ó pọ̀ ju ti àwòrán lọ, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ti inú wọn wọlé. Ó rí ìyá rẹ̀ níwájú ilé, awò ojú tuntun lójú, tí ó ń fi ìka wá orúkọ kan lórí ìwé tí kò ní sí.

Ó na ọwọ́ sí abọ́ náà.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ di àwọ̀ ọsàn. "Abala Kẹrin," ni ó bẹ̀rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Fadérera wí, ó sì gbé abọ́ sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Omi náà tutù. Ó ń rùn díẹ̀ bí àwọ̀n, ó ń rùn bí kùrukùru tí ó ti sùn sórí òrùlé, ó ní adùn kan tí kò dúró, bí ìgbà tí èèyàn jí tí ó fẹ́ rántí àlá, tí àlá náà sì ń yọ lọ. Ó mu ún tán. Kò fi ẹ̀kán kan sílẹ̀.

Ẹ̀gbà di àwọ̀ eérú, ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí gbirigbiri lórí pákó, ó bọ́ sínú omi.

"Ẹ̀rí kìíní: òfo," ni Lékèélékèé wí. "Ẹ̀rí kejì: òfo. Ẹ̀rí kẹta: òfo." Ohùn rẹ̀ ń yára sí i, títí ó fi di bí òjò lórí páànù, títí tí kò fi ṣe é gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. "Ìwé Àbọ̀ Ńlá: òfo. Èdìdì: kò sí. Abẹ́-Ìyeyè: kò ní ìpinnu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìwádìí bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú olùwádìí mìíràn." Ó ká wàláà rẹ̀ padà sábẹ́ ìyẹ́. Òfin kò gbà á láyè láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni òfo, nítorí náà ó na ìyẹ́, ó fò lọ sínú kùrukùru, funfun wọ funfun.

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!" ni ahọ́n-àyá ké. "Orúkọ yín ló wà níwájú!"

"Mo mọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ bá mi kí àwọn mìíràn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tún la ẹnu, ṣùgbọ́n òwe kankan kò jáde. Àjọṣe ti di òfo, ahọ́n-àyá sì wà lára dúkìá àjọṣe. Iná fàdákà rẹ̀ kú ní ọ̀fun rẹ̀. Ohun tí ó jáde ni èdè tirẹ̀, èdè ilé ìyá rẹ̀, kúkúrú, ó ń gbọ̀n díẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mọ́kànlá, ó jọ ọ̀rọ̀ ènìyàn.

"Kí ni Baba Kò-mu ń wí?" ni Ìyá Ẹfúnwùmí béèrè.

"N kò mọ̀, Mà. Ó jọ pé ó ń béèrè nǹkan."

"Kí ó ní sùúrù. Ìrì òní ti tán." Ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n bí ìyàwó ilé ṣe ń wo àlejò tí ó dé lẹ́yìn oúnjẹ. "Bí ó bá sùn níbí di ọ̀la, a ó bu tirẹ̀ fún un."

Fadérera tọ́ka sí àwọ̀n òkè, ó tọ́ka sí abọ́, ó fi ọwọ́ ṣe oorun sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo abọ́ òfìfo náà, ó wo ẹnu Fadérera tí ó ṣì tutù. Ó rọra ṣí fìlà rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó yí i dé orí orúnkún, ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀.

Ìyá Ẹfúnwùmí gbé abọ́ náà, ó yí i dorí kodò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tí ó kán. Ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ síbi ẹní tí ó wà létí ògiri, ó kúnlẹ̀ tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

Okùn tí ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá ti le bí egungun. Ó fi èékánná tú u, kò gbọ́. Fadérera lọ bá a, àwọn méjèèjì forí korí lórí kókó kan náà, títí ó fi gbà. Wọ́n tú èkejì. Wọ́n tú ẹ̀kẹta. Ẹní náà ṣí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, eruku pupa sì ń jáde láti inú ìká rẹ̀, eruku ilẹ̀ gbígbẹ, irú èyí tí kò sí níbi kankan ní Ìlú Fúyẹ́.

"Jókòó," ni arúgbó náà wí.

Fadérera jókòó. Kò ní ìwé, kò ní ẹ̀gbà, kò sí ẹyẹ lójú fèrèsé. Ilé ń léfòó lọ pẹ̀lú wọn síbi tí kò yé ẹnikẹ́ni. Lókè, oòrùn ti dúró sí àárín ọ̀run, kò sì sí èdìdì tí ó lù.

"Báwo ni ilé, Mà?"

Ìyá Ẹfúnwùmí fi ọwọ́ pa eruku pupa náà lójú ẹní, síwá, sẹ́yìn, bí ẹni tí ń pa ọmọ lórí.

"Ilé ò dára," ni ó wí. "Ilé ò dára rárá, ọmọ mi. Sún mọ́ mi, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi ìyeyè."